Bí Ẹ Bá Lọ Kí Ọmọ ní Lancashire: Bí Aláró Ìtòkú Kan Ṣe Ń Wọ Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Kéékèèké

Ẹ fi àdìrẹ méjì sínú báàgì kí ẹ tó kúrò ní Abẹ́òkúta. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìtòkú nìyẹn, bí ẹnìkan nínú wọn bá ní òun ń lọ sí ìlú òyìnbó lọ bá ọmọ wẹ ọmọ. Èyí tí ẹ máa wọ̀ kọ́ ni mò ń wí. Ẹ gé e kékeré, ẹlẹ́kọ kan tí a fi láfún kọ ọnà sí, oníko kan tí a fi ìko dì, èyí tó ṣe é ká pọ̀ sínú àpòòwé. Tó bá yá, màá sọ ohun tí ẹ máa fi ṣe.

Aláró ni mí. Ìyá mi ṣe é, ìyá tó bí ìyá mi ṣe é. Lọ́dún 2024 ọmọ mi obìnrin bímọ ní Bolton, ní agbègbè Lancashire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Físà àlejò tí wọ́n fún mi kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, mò ń wẹ ọmọ, mò ń fi omi gbígbóná tẹ ìyá ọmọ níkùn, mò ń se ọbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, ara ìyá ọmọ ti balẹ̀, ilé wá há mọ́ mi. Ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, tí n ó máa wo òjò wíníwíní. Ọkọ ọmọ mi ló rí mi tó ní, "Màmá, ilé kan wà lẹ́bàá ibí tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ ìrànwú kan láyé àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Mo tẹ̀ lé e kí inú rẹ̀ lè dùn. Kí n tó padà wálé, mo ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ méje, méjì nínú wọn sì wà tí mo lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá wà ní Manchester, ó dára, ẹ lọ. Àwọn kéékèèké ni tèmi, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi han ènìyàn: ibì kan fìlà, ibì kan ṣẹ́dà, ibì kan òwú. Ẹni tó ń mú yín káàkiri níbẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà nígbà èwe, tàbí kó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló ṣe é. Ẹ ò lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, àwọn tó kù nínú wọn sì ti dàgbà. Ìdí tí mo fi ń kánjú kọ èyí nìyẹn.

Ohun tó kan ọmọ Ẹ̀gbá níbẹ̀

Òwú ló kọ́ àwọn ìlú wọ̀nyẹn: Manchester, Bolton, Rochdale, Burnley, Stockport. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin, òwú kì í sì tètè já bí wọ́n bá ń ràn án nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ṣàn láti orí òkè ló kọ́kọ́ ń yí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ara wọn, wọ́n fi ń se omi fún ẹ́ńjìnnì. Òwú fúnra rẹ̀ kò hù níbẹ̀ rí, kò sì lè hù. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, láti inú oko tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá láti Íńdíà, ó wá láti Íjíbítì. Díẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wa.

Láàárín 1850 sí 1860, Henry Venn ti C.M.S., ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, àti oníṣòwò ará Manchester kan, Thomas Clegg, ń fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń ra òwú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, òwú wọ́n gógó ní Lancashire, ilé iṣẹ́ tì pa, ebi pa àwọn ahunṣọ títí di 1865. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1902, British Cotton Growing Association, láti wá òwú ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọ́n sì ṣí ilé ẹ̀rọ ìyọkóró òwú ní Abẹ́òkúta. Bí òwú ti ń lọ ni aṣọ funfun ń bọ̀. Aṣọ funfun tí ọkọ̀ ń kó wá láti Manchester ni àwọn ìyá wa fi rọ́pò kíjìpá, tí wọ́n fi di ìko mọ́ ọn, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ láfún sí i lára, tí àdìrẹ Abẹ́òkúta fi kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ mọ èyí sínú kí ẹ tó lọ. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, irin tó dípẹtà lẹ máa rí.

Kí ẹ tó jáde nílé

Mo lọ sí ibì kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì méjì, a gun òkè. Ilẹ̀kùn tì. Ìwé kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé ẹni tó yẹ kó wá ṣí i kò lè wá lónìí. Ojú ro mí, torí òtútù ọjọ́ náà mú ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, àwọn tó fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ láìgba owó ló ń ṣí wọn. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn, ilé lè má ṣí. Nítorí náà, ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tún fi fóònù pè wọ́n láàárọ̀. Inú wọn máa ń dùn bí ènìyàn bá pè. Ẹ béèrè nǹkan méjì: ṣé ẹ ó ṣí lónìí, àti agogo mélòó ni ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òfì tó dúró jẹ́ẹ́ kò yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì irin.

Àsìkò pẹ̀lú. Helmshore àti Queen Street Mill, ilé méjì tí mo máa sọ̀rọ̀ wọn jù, kì í ṣí nígbà òtútù. Láti ìgbà Àjíǹde títí dé òpin Oṣù Kẹwàá ni wọ́n sábà ń ṣí, ìyẹn náà kì í ṣe lójoojúmọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ wọn ti méjèèjì pa ní 2016 nítorí owó, kí wọ́n tó tún ṣí wọn padà ní 2018. Àwọn tó wà láàárín ìgboro, bíi ti Rochdale àti Stockport, ẹ lè lọ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ẹ ṣì wo ọjọ́ wọn.

Bọ́ọ̀sì kò wọ́n. £2 ni mo san fún ìrìn kọ̀ọ̀kan ní 2024, bó ti wù kó jìnnà tó. Láti 2025 wọ́n ti sọ ọ́ di £3 ní ọ̀pọ̀ ibi. Káàdì báńkì lẹ máa fi kan ẹ̀rọ, ẹ má kó owó bébà dání retí ṣéńjì. Láti Manchester, bọ́ọ̀sì X43 ń gba Rawtenstall lọ sí Burnley. Ẹ sọ̀ ní Rawtenstall bó bá jẹ́ Helmshore lẹ̀ ń lọ, kí ẹ wọ òmíràn. Ẹ dé Burnley bó bá jẹ́ Queen Street Mill, kí ẹ wá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Harle Syke. Ẹ jókòó sókè bí orúnkún yín bá gbà á. Òkè tútù wà lápá ọ̀tún, òkè tútù wà lápá òsì, àgùntàn ń jẹ lórí wọn, símìnì gígùn ilé òwú á kàn yọ lójijì láàárín àfonífojì.

Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Ilẹ̀ ilé òwú ti mu epo ẹ̀rọ yó, ó ń yọ̀. Ẹ má wọ ìró tó ń wọ́lẹ̀ tàbí gèlè tí etí rẹ̀ gùn, torí nǹkan ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Àtẹ̀gùn pọ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ béèrè bóyá líífù wà kí ẹ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání nínú fúláàsì. Tíì máa ń wà níbẹ̀, kéèkì náà wà, ṣùgbọ́n kéèkì kò lè gbé àgbàlagbà Ẹ̀gbá dé ìrọ̀lẹ́.

Nídìí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ọjọ́ orí yín. Àgbà kì í sábà san tó ọ̀dọ́. Wọ́n tún lè béèrè bóyá ẹ̀ ń san owó orí ní ìlú wọn, kí ìjọba lè fi díẹ̀ kún owó yín fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wá ṣe àlejò, ẹ dáhùn pé rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan kò gbọ́ ìbéèrè náà yé, ó ń sọ "yes, yes," ó fọwọ́ sí ìwé tí kò yẹ kó fọwọ́ sí.

Helmshore: ọ̀rọ̀ aláró àti ìtọ̀

Bó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo lẹ lè wọ̀, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ aṣọ, Helmshore ni kí ẹ lọ. Ilé méjì ni wọ́n so pọ̀. Èyí tó dàgbà jù, 1789 ni wọ́n kọ́ ọ, omi odò ló sì ń yí àgbá rẹ̀. Aṣọ irun àgùntàn ni wọ́n ń gún níbẹ̀. Mo ní gún, nítorí ohun tí mo rí gan-an nìyẹn: òòlù igi ńláńlá, tí omi ń gbé sókè tó ń sọ kalẹ̀ sórí aṣọ tútù nínú kòtò, gbì, gbì, gbì, kí irun aṣọ lè wọnú ara wọn kó sì ki. Bí wọ́n ṣe ń lu aṣọ òkè kó lè dán nílé bàbá mi ni mo rántí, àfi pé odò kò bá wa lu tiwa.

Ọmọkùnrin tó ń ṣàlàyé wá béèrè lọ́wọ́ wa pé kí la rò pé wọ́n ń dà sórí aṣọ náà kí ọ̀rá ara àgùntàn lè kúrò. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ dákẹ́. Mo ní, "Ìtọ̀." Ó yà á lẹ́nu. Ìtọ̀ ni lóòótọ́, ìtọ̀ tó ti pẹ́, tí wọ́n ń gbà jọ láti ilé dé ilé. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo sọ fún un pé èmi kì í lo ìtọ̀, omi eérú ni à ń sẹ́, ṣùgbọ́n imú aláró mọ ohun tó lágbára. Ìyá mi a máa fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò kó tó da ẹlú sí i. Bí kò bá ta á lahọ́n, a jẹ́ pé kò tíì tó. Látorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti sọ fún un pé ní 1936 àwọn aláró Abẹ́òkúta bá Aláké Adémọ́lá Kejì fà á gidigidi, nítorí ó ní kí wọ́n má lo sódà àti aró òyìnbó mọ́. Sódà yẹn, ìlú tiwọn ló ti ń bọ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan nídìí òòlù náà, àwọn yòókù ti gòkè lọ.

Lókè, nínú ilé kejì, ẹ̀rọ ìrànwú wà, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo iyàrá. Apá iwájú rẹ̀ ń rìn lórí irin: ó ń fà sẹ́yìn, ó ń na òwú, ó ń lọ́ ọ; ó padà, ó ká a. Ohun tí obìnrin kan ń fi igi ìrànwú kan ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi irin ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọkùnrin tó ń bójú tó o fi ń rìn, nítorí epo ilẹ̀. Àwọn ọmọdé ló ń rá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ gbá èérí òwú nígbà tó ń rìn lọ́wọ́. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ fojú wọn gíga àyè tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló lè gbà.

Queen Street Mill: ariwo

Ilé ìhunṣọ ni èyí, ní Harle Syke lórí òkè Burnley. 1894 ni wọ́n kọ́ ọ, 1982 ni iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Òfì irin tó lé ní 300 ṣì tò síbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan, bẹ́líìtì awọ kọ̀ọ̀kan so mọ́ ọ̀pá irin lókè, ọ̀pá yẹn so mọ́ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 500. Wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì náà ní Peace, àlàáfíà, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó nílé tirẹ̀. Kì í pariwo rárá. Ó ń mí lọ, ó ń mí bọ̀, bí màlúù tó yó.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wọ gbọ̀ngàn. Òfì díẹ̀ ni wọ́n ń tan, ẹ kò ní gbọ́ ohùn ara yín. Ẹ fi nǹkan dí etí ọmọ, kí ẹ sì dí ti ara yín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ètè ara wọn ni wọ́n ń kà, wọ́n ń la ẹnu gbàgàdà kí ẹni tó wà lápá kejì lè rí i. Ìyá àgbà kan tó ń mú wa rìn ṣe é hàn wá, kò jẹ́ kí ohùn jáde, mo sì rí ohun tó wí: ó ní aṣọ mi dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Ẹ ní kó fi ọkọ̀ ìhunṣọ hàn yín, ohun tó ń gbé òwú lọ gbé e bọ̀ nínú òfì, èyí tó ní ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òwú inú rẹ̀ bá tán, wọ́n á fi òmíràn sí i, wọ́n á gbé ẹnu lé ihò náà, wọ́n á fa òwú jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́ nìyẹn. Bí ọkọ̀ kan bá ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, àìsàn á bá a lọ. Eruku òwú wọ inú wọn pẹ̀lú. Mo rántí ahọ́n ìyá mi nínú omi eérú. Àwọn obìnrin tó ń fi ẹnu ara wọn ṣe irinṣẹ́ pọ̀ láyé, wọn kì í sì í ya àwòrán wọn.

Ibí ni mo ti yọ àdìrẹ jáde. Ẹ má yọ ọ́ kí ẹnìkejì tó parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ tán, kó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ tó wá ní, "Èmi náà rèé." Ìyá náà gba ẹlẹ́kọ, kò wo ọnà ara rẹ̀ rárá. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ wò. Ó fi èékánná tọ́ ọ, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń wo bí òwú rẹ̀ ṣe sún mọ́ra. Ara mi yá gágá. Ohun tí èmi ń ṣe gan-an nìyẹn bí mo bá fẹ́ ra aṣọ funfun lọ́wọ́ oníbálù, kò sí ẹni tó tíì ṣe é níwájú mi lókè òkun. Ó yí i padà, ó béèrè ìdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú kanlẹ̀ tí ọnà kò hàn níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ojú kan là ń kọ láfún sí. Mo wá fún un ní oníko, tí ọnà rẹ̀ hàn lójú àti lẹ́yìn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú méjèèjì nìyẹn. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹlẹ́kọ ta á lọ́rẹ, òun náà sì fún mi ní ọkọ̀ ìhunṣọ ògbólógbòó kan tó jẹ́ tirẹ̀ nílé, nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wà lórí tábìlì mi ní Ìtòkú.

Bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀

Gẹ̀ẹ́sì Lancashire kì í ṣe ti rédíò. Ẹ ní kí wọ́n rọra sọ ọ́, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ọmọdé lè pe yín ní "love". Mo kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, mo wá rí i pé ìkíni ni lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè nǹkan. Àwa mọ ìyẹn láti ilé.

"Kí lèyí?" kò lè mú yín dé ibì kankan, ó ti wà nínú ìwé ara ògiri. Ẹ béèrè pé ta ló ń ṣe é, ọkùnrin ni àbí obìnrin, kí ló ń ba ẹni lára jẹ́, ta ló ń kọ́ ọmọṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń san owó, bí aṣọ bá bàjẹ́ ta ló ń jẹ gbèsè. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn máa ń tú ẹnu àgbà. Kí ẹ sì béèrè ibi tí òwú ti wá. Ẹ fi sùúrù béèrè, kí wọ́n rí i pé ìjà kọ́ lẹ wá jà. Àwọn kan á dá yín lóhùn tààrà. Ní Quarry Bank ní Styal, ilé òwú tí Samuel Greg dá sílẹ̀ ní 1784, wọ́n sọ ọ́ láìfi bò pé ìdílé náà ní oko ẹrú ní Dominica. Ibẹ̀ kò kéré, èrò máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú àwọn ọmọ-ọmọ lọ síbẹ̀ nítorí ilé tí àwọn ọmọdé òṣìṣẹ́ ń sùn sí, tó ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ yan ilé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ yín

Ẹ̀yin alájẹṣẹ́kù, ẹ má padà wálé láìdé Rochdale. Tíráàmù ń lọ síbẹ̀ láti Manchester, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Toad Lane. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà 31. Ní alẹ́ 21 Oṣù Kejìlá 1844, ẹgbẹ́ ènìyàn 28 tí olúkúlùkù dá £1 ṣí i. Ọjà márùn-ún péré ni wọ́n tà: bọ́tà, ṣúgà, fúláwà, ọkà oat àti àbẹ́là. Àwọn ọlọ́jà ìgbà yẹn ń po nǹkan mọ́ fúláwà. Àwọn wọ̀nyí ní ojúlówó làwọn ó tà, òṣùwọ̀n àwọn kò sì ní dín. Èrè ọdún, bí ẹnìkan bá ṣe rà tó ni wọ́n ń pín in fún un. Akápò ẹgbẹ́ wa ni mí ní Ìtòkú, ọdún kọkànlá rèé. Mo dúró níwájú òṣùwọ̀n wọn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìwé ìṣirò tí mò ń kọ lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ibí ni àpẹẹrẹ rẹ̀ ti tàn ká ayé.

Aránṣọ àti onífìlà, Stockport ni tiyín: Hat Works, nínú ilé òwú kan tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1830, wákàtí kò pé láti Manchester. Irun ehoro ni wọ́n fi ń ṣe fìlà, èròjà mẹ́kúrì ni wọ́n sì ń fi pa irun náà kó lè lẹ̀ mọ́ra. Mẹ́kúrì yẹn ba ọpọlọ àwọn oníṣẹ́ jẹ́, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ẹni tó ń hun aṣọ òkè, kó lọ sí Paradise Mill ní Macclesfield, níbi tí òfì ọwọ́ 26 wà tí wọ́n fi ń hun ṣẹ́dà títí di 1981. Páálí oníhò ló ń sọ fún òfì náà òwú tó máa gbé sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rí òdòdó lára aṣọ láìsí ẹni tó ka òwú. Kò dùn mọ́ mi tó Helmshore, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsẹ́yìn lè má fẹ́ jáde níbẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ tí ọkọ ọmọ mi mú mi lọ ni Hall i' th' Wood ní Bolton, ó ní ibùdókọ̀ ojú irin tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Níbẹ̀ ni Samuel Crompton ti parí ẹ̀rọ ìrànwú tuntun ní 1779. Ó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà pa mọ́ nítorí àwọn tó ń fọ́ ẹ̀rọ kiri. Kò lówó tó lè fi gbàwé àṣẹ, ó bá tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ṣèlérí owó fún un, owó tó wọlé kò sì tó nǹkan. Gbogbo Lancashire fi ẹ̀rọ rẹ̀ là. 1812 ni ilé aṣòfin tó fún un ní £5,000, gbèsè sì gbé púpọ̀ lọ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àwòṣe àdìrẹ tirẹ̀ lára aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde láti òkè òkun, tí wọ́n ń tà á ní ìdajì owó lójú ọjà tirẹ̀, á mọ bí ìtàn Crompton ṣe wọ̀ mí lára. Ẹni tó ra ilé náà tó fi ta ìlú Bolton lọ́rẹ ní 1900 ni William Lever, ọlọ́ṣẹ, ọmọ Bolton. Epo pupa wà nínú ọṣẹ rẹ̀. Inú iṣẹ́ rẹ̀ ni UAC ti jáde. Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń yí padà sọ́dọ̀ wa.

Lálẹ́ ọjọ́ náà

Ilé kan lóòjọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi mọ́tò gbé yín dé mẹ́ta. Ẹ fi ohun díẹ̀ sínú àpótí ọrẹ bí ẹ bá ń jáde, torí irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra epo tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ènìyàn. Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, tàbí kí ẹ sọ ọ́ sínú fóònù. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn: ọmọ á ti sùn lẹ́yìn mi, n ó máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú fóònù ní ilé ìdáná. Mo ti tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi gbọ́ níbi tí a ti ń sá aṣọ. Wọ́n ní kí n tún ibi ìtọ̀ sọ.

Ọmọ mi ti lóyún kejì. Ilé kan ṣẹ́kù tí mi ò dé, Bancroft Mill ní Barnoldswick. 1920 ni wọ́n kọ́ ọ parí, 1978 ló tì, àwọn tó fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ ló ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dá. Mo ti ní kí ọkọ ọmọ mi wá àwọn ọjọ́ náà sílẹ̀. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá obìnrin ti bójú tó ẹ́ńjìnnì yẹn rí.